Ehoro Tí Mo Dá Lẹ́bi

Bí a bá ń sọ ti ìmọ́tótó, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn. Mo sin ehoro nínú ilé ní Àgbádárìgì nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ nílùú, tí ìjọba sì ń rọ àwa olùkọ́ pé ká máa sin nǹkan ọ̀sìn. Láti oko ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo ti gbé e wá fún ìyá mi, kí ó lè rí nǹkan bá sọ̀rọ̀ tí mo bá lọ síṣẹ́. Àwa méjèèjì péré la kù nílé.

Màmá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Tí ehoro náà bá ń lá ọwọ́ iwájú rẹ̀, tí ó ń fi nu ojú àti etí, Màmá á ní, “Wò ó, ó tún ń ṣe àlùwàlá. Irun wo lo fẹ́ kí báyìí?”

Mi ò fi omi wẹ̀ ẹ́ rí, nítorí òtútù lè pa á. Àgò rẹ̀ ni mo ń bá jà. Mo wo igun tí ó ti ń tọ̀, mo gbé abọ́ tánganran síbẹ̀, mo da lẹ́búlẹ́bú pákó sí i, mo sì ń ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú èyí tó ti tọ̀ sí, kí ó lè mọ ibẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Mo ń sá koríko rẹ̀ sóòrùn, nítorí ewé tútù a máa tú u nínú. Láràárọ̀ ni mo ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣan abọ́ náà.

Síbẹ̀, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Òórùn ìtọ̀ ni, ó sì pọ̀ jù níbi tí Màmá ń tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sí.

“Ehoro ló tọ̀ sí i,” ni Màmá wí. Kò wò mí lójú.

Mo fọ ẹní náà. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Inú bí mi bí ẹni pé wọ́n bú mi. Mo fi eérú fọ ilẹ̀, mo fi kànìnkànìn ha àgò títí ọwọ́ mi fi bó. Mo ti àgò pa, ehoro ò jáde mọ́. Òórùn ò lọ. Ká ní mo ní làákàyè tó bí mo ṣe ní kànìnkànìn ni, ǹ bá ti bi ara mi bí ehoro tí wọ́n tì mọ́lé ṣe ń dé orí ẹní.

Àwọn obìnrin àsàlátù wá kí Màmá, nítorí kò yọjú sáàárín wọn mọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ìborùn bo imú. Níṣojú wọn ni mo ti jágbe: “Ó tó! Ohun tó ń rùn nínú ilé yìí gbọ́dọ̀ jáde lónìí.”

Màmá bojú wolẹ̀. “Gbé e lọ, ọmọ mi,” ni ó wí. Ó fọwọ́ pa etí ehoro náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì wọ yàrá lọ. Mo gbé e fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń gbé ní Kankon.

Lọ́jọ́ kẹjọ, orí ń fọ́ mi, mo kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án gangan. Mo bá Màmá lábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìnkùlé, ó lóṣòó ti báàfù, ó ń fọ ìró mẹ́ta àti ẹní ìkírun rẹ̀. Ó rí mi, ó ta gìrì.

“Ehoro yìí,” ni ó wí kíá, “ó tún ti tọ̀ sí i.”

Àwa méjèèjì wo àgò tó ṣófo.

Mo tọ̀ sórí ẹní títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Màmá ló ń fọ̀ ọ́, kò sì jẹ́ kí aládùúgbò kankan gbọ́. Èmi wá dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ń pariwo. Ó yọ̀ǹda ohun tó fẹ́ràn kí n má baà mọ̀. Ìbànújẹ́ ọjọ́ yẹn ò tíì tán lára mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí Kankon. Olùkọ́ náà ò mọ ibi tí yóò fojú sí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, a ti sè é jẹ. A rò pé ẹ fi ta wá lọ́rẹ ni.” Ta ni kí n bínú sí? Ó fún mi ní òmíràn, aláwọ̀ eérú.

Mo gbé e sí itan Màmá. “Kì í ṣe òun,” ni ó wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Eléyìí ò gbọ́n. Wọ́n ní ibi gbogbo ló ń tọ̀ sí. Ẹ óò bá mi fara dà á ni.”

Ó wò mí pẹ́. “Ó dára,” ni ó wí. “A ó jọ fara dà á.”

Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ ni mo ń kó ìró àti ẹní lọ sẹ́yìnkùlé, tí mo ń pariwo kí àdúgbò lè gbọ́: “Ìwọ ehoro aláìnítìjú yìí!” Màmá á rẹ́rìn-ín, á ní kí n rọra bá a wí, ọmọdé ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ kẹta péré ni ehoro náà ti mọ abọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Màmá kú, àwọn obìnrin àsàlátù wá ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ. Ẹni tó fi ìborùn bo imú nígbà yẹn wo àgò, ó wo ilẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú. “O kú ìtọ́jú,” ni ó wí. “Ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ pé ehoro wà nílé yìí.”

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àlejò láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀ síbi tí ẹní Màmá máa ń wà, mo fi imú kan ilẹ̀. Kò rùn mọ́.