Kíláàsì Tó Há Ìwé Sórí

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ kọjá láàárọ̀, kíláàsì Ọmọlará Akínlolú ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ọmọ pírámárì kẹta rẹ̀ máa ń ka ìwé Yorùbá wọn pọ̀ ní ohùn kan, gbólóhùn tẹ̀lé gbólóhùn, láìkọsẹ̀. Àwọn aránṣọ tó wà lódìkejì ògiri ti gbọ́ àwọn ìtàn náà títí, débi pé àwọn míì nínú wọn máa ń bá àwọn ọmọ parí rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tí àwọn òbí ń sọ fún ara wọn ni pé tí o bá fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀wé kà, kí o wá bí yóò ṣe bọ́ sí kíláàsì Àǹtí Ọmọlará.

Oǹdó ni wọ́n bí Ọmọlará sí. Ibẹ̀ náà ló ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ kí iṣẹ́ ìjọba tó gbé e wá sí Àkúrẹ́, tó sì lọ́kọ síbẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo mọ́ ọmọ, kì í sì í nà wọ́n. Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ wọn kò le rárá: òun á ka gbólóhùn kan, àwọn ọmọ á kà á tẹ̀lé e, wọn á sì máa tún un kà títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára.

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká jù nínú wọn ni Tiwaladé, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Adépọ̀jù ni bàbá rẹ̀, ó ń ránṣọ ní Ọjà Ọba. Ní ayẹyẹ ìparí ọdún, ọmọ yìí dúró síwájú gbogbo òbí, ó ṣí ìwé, ó sì ka odidi ìtàn kan láìdánudúró. Adépọ̀jù fi fóònù ká a sílẹ̀, ó sì ń fi han gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ. Torí pé wọ́n fẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́wọ́ Àǹtí Ọmọlará, àwọn òbí rẹ̀ ní kí ó tún kíláàsì náà ṣe, ó ṣáà kéré lọ́jọ́ orí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá ilé-ìwé wọn, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì, mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọ kíláàsì. Obìnrin náà gbé àpótí kan tí àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n fẹ̀ ju fóònù lọ.

"AI ni wọ́n fi ṣe é," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì wí, bí ẹni pé òun ló ṣe é.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà máa ń dá ìtàn kọ fúnra rẹ̀. Ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí ni yóò gbé síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á kà á sókè, ẹ̀rọ á máa gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tó bá kà tó tọ̀nà á di àwọ̀ ewé, èyí tó bá ṣì kà á di pupa.

Ọmọlará kò bẹ̀rù. Ó pe Tiwaladé jáde kí àlejò lè rí bí kíláàsì òun ṣe rí.

Ìtàn ewúrẹ́ kan tó wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni ẹ̀rọ kọ fún un. Tiwaladé wo àwòrán ewúrẹ́ náà, ó wo Àǹtí rẹ̀, ó tún wo àwòrán. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àkọ́kọ́ inú ìwé kíláàsì wọn, èyí tí kò ní ewúrẹ́ kankan nínú. Gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ di pupa.

"Ẹ̀rọ yín kò gbọ́ Yorùbá àwọn ọmọ Àkúrẹ́," ni Ọmọlará wí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà," ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà dáhùn. Ó pe ọmọ mìíràn, lẹ́yìn náà òmíràn. Kí aago ìsinmi tó lù, àwọn tó ka ìlà àkọ́kọ́ tán nínú kíláàsì náà kò pọ̀ rárá.

Nígbà tí àlejò lọ, Ọmọlará kó ẹ̀rọ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dá a lójú pé ẹ̀rọ ló ṣì wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ìwé parí, ó dá Tiwaladé dúró. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó pé: Ewúrẹ́ kan wọ inú ṣọ́ọ̀bù.

"Ka èyí fún mi."

Ọmọ náà wo pátákó, ó wá yíjú sí i.

"Tiwa, kà á. Fara balẹ̀."

"Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ kà á," ni Tiwaladé wí, "màá kà á tẹ̀lé yín."

Kò sí àrékérekè kankan lójú ọmọ náà. Ohun tó mọ̀ sí ìwé kíkà nìyẹn. Ọmọlará nu pátákó, ó ní kí ó máa lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì. Inú kọ́kọ́ bí i sí ẹ̀rọ náà, ó tún bí i sí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló rántí àwọn kíláàsì tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń ka ìwé ní ohùn kan.

Ní Sátidé, ó wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òkè-Lísà. Olùkọ́ ni ìyá náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò rí ìwé kà mọ́, fóònù ló ń ka ìròyìn sí i létí. Nígbà tí Ọmọlará wọlé, ìyá ń bá fóònù náà jà lọ́wọ́ nítorí pé kò lè pe orúkọ ìlú wọn bó ṣe yẹ.

"Oǹdó ni! Oǹdó! Ta ló kọ́ ọ ní ìpèkúpè yìí?" Ó gbọ́ ìṣísẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi. Ẹ kú ilé."

Èdè Oǹdó ni ìyá àtọmọ ń sọ tí àwọn méjèèjì bá wà pọ̀. Ọmọlará ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá rẹ̀ kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ náà kò gbọ́ wọn ni?" ló bèèrè nígbà tó parí.

"Ó gbọ́ wọn, Màámi. Àwọn ni wọn kò mọ̀ ọ́n kà."

"Ìwọ náà ṣe é."

"Èmi?"

"O kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. O gbọ́ ìwé kan lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ títí o fi há gbogbo rẹ̀ sórí. Bàbá rẹ ń mú ọ kiri kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán lọ́jọ́ kan, mo ní kí o ka ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ìwé. O bú sẹ́kún."

Ọmọlará kò rántí. "Kí lẹ wá ṣe?"

"A padà sí a, b, d. O bínú sí mi títí ọdún fi parí."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Mo rò pé ó wà lára ohun tí o mọ̀ ni," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ní Mọ́ńdè, Ọmọlará kó ìwé kíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìró lẹ́tà, ó sì ń so wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀: b àti a, d àti o. Kíláàsì náà wá dákẹ́. Àwọn aránṣọ béèrè bóyá ara Àǹtí kò yá ni. Kò pẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyáàfin Akínlolú, ọmọ pírámárì kẹta lẹ ń kọ́ ní a, b, d?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọn kò mọ̀ ọ́n." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ọ̀gá náà bojú wo ẹ̀yìn. "Ẹ má ṣáà jẹ́ kí àwọn òbí gbọ́," ló sọ kí ó tó lọ.

Ẹ̀rọ tí Ọmọlará kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ló padà kó jáde. Kò jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bá a sọ̀rọ̀ nìkan mọ́. Òun ló ń sọ lẹ́tà tí wọ́n ti mọ̀ fún un, tí á sì ní kí ó fi àwọn yẹn nìkan kọ ìtàn kúkúrú nípa oko ní Ìjù, nípa iṣu ní Ìta-Ògbólú, nípa kẹ̀kẹ́ tó kọ̀ tí kò gbéra. Kò sí ẹni tó lè há ìtàn wọ̀nyí sórí, nítorí pé òmíràn ló ń wá lójoojúmọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Ọmọ tó bá pe ilé ní "ulé", bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn, pupa ló máa ń fún un. Ọmọlará a wá ṣàlàyé pé ulé kò burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wà lójú ìwé yìí, i ni.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé bàbá àgbẹ̀ gbé ọkọ lé èjìká, ó ń lọ sóko. Àwọn ọmọ kà á lọ wẹ́rẹ́. Tiwaladé nìkan ló fi ìka sórí ọ̀rọ̀ náà tí kò gbé e kúrò.

"Àǹtí, ọkọ ló kọ síbí. Ọkọ́ ló yẹ kó jẹ́. Kò fi àmì sí i."

"Ọkọ ta ni bàbá gbé?" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọlará náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú Tiwaladé ló ń wò. Ohun tó wà lójú ìwé gan-an lọmọ náà rí, kì í ṣe ohun tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ayẹyẹ ìparí ọdún tún dé, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì fẹ́ kí Tiwaladé tún ka ìtàn tó kà lọ́dún tó kọjá. Ọmọlará kọ̀ jálẹ̀. Ìtàn tuntun ló fún un níwájú àwọn òbí. Tiwaladé fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ó ń kà á jẹ́jẹ́, ó dúró níbi ọ̀rọ̀ kan, ó pín in sí wẹ́wẹ́, ó tún un kà, ó tẹ̀ síwájú. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ kí ó tó parí, kí ó lè lọ jókòó. Ó kà á parí kí ó tó jókòó.

Adépọ̀jù dúró de Ọmọlará lẹ́nu géètì.

"Àǹtí, kí lẹ ṣe fún ọmọ mi? Lọ́dún tó kọjá, ṣe ló ń kàwé bí omi. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ló bà á jẹ́?"

"Bàbá Tiwa, lọ́dún tó kọjá, kò mọ̀wé kà. Ó há a sórí ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olùkọ́ kò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

 Ọkùnrin náà ní tí wọ́n bá ti wọlé padà, ilé-ìwé mìíràn ni òun yóò mú ọmọ òun lọ.

"Kò burú," ni Ọmọlará wí. "Kí ẹ tó mú un lọ, ẹ wá ohun tí kò rí rí, kí ẹ fún un kà."

Inú rẹ̀ kò dùn ní gbogbo ìsinmi náà. Nígbà tí wọ́n wọlé padà ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn òbí mélòó kan ti mú ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Ṣùgbọ́n Tiwaladé wà lórí ìlà pírámárì kẹrin, bàbá rẹ̀ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn.

"Mo mú ìwé ìkéde ìjọ wa fún un," ló sọ fún Ọmọlará. "Ó pẹ́ lórí rẹ̀ o. Àmọ́ ó kà á tán. Mo ní kó tún un kà, torí mi ò gbà gbọ́."

 Ó kí i, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá ti kó wọn padà. Fóònù ara rẹ̀ ni Ọmọlará fi ń béèrè ìtàn lọ́wọ́ AI báyìí. Á yẹ àmì orí rẹ̀ wò, á sì dà á kọ sójú pátákó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ránṣẹ́ sí àwọn tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì wà nílé-ìwé náà pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí. Àwọn kan wá, àwọn kan kò wá. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Ọláolúwa, ọmọ pírámárì kẹfà tó ti ga ju Ọmọlará fúnra rẹ̀ lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ṣé àwọn ọmọ kéékèèké máa wà níbẹ̀?"

"Rárá," ni Ọmọlará wí. "Wọlé."

Ó wọlé, ó fa àga, ó sì jókòó.