Netta, Mina àti Súẹ́tà Búlúù Dod

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé bí obìnrin bá ti dàgbà, owú á fi í sílẹ̀. Irọ́ ni! Netta Pirie ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó jowú nítorí ọkọ tó ti kú débi pé díẹ̀ ló kù kó bá òkun lọ. Ojú mi ló ṣe. Èmi ni mo máa ń se ọbẹ̀ ẹja tí gbogbo ìlú ń mu létí omi lọ́jọ́ náà, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò rí.

Ní Portlennan wa níbí, ní etíkun àríwá Skọ́tílándì, àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún la máa ń rọ́ wọ inú òkun. Yìnyín ì báà máa já, afẹ́fẹ́ ì báà máa gé wa létí, a ó wọ̀ ọ́. Àwọn tó wá wòran á máa ju owó sínú garawa, owó náà á sì lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà lórí òkè, níbi tí àwọn tí dókítà ò rí oògùn fún mọ́ ti ń lo ìyókù ọjọ́ wọn pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ibẹ̀ ni Dod, ọkọ Netta, kú sí. Láti ìgbà náà ni Netta ti ń mú agogo ṣíwájú wa. Ẹni tó bá mú agogo ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ń kọ́kọ́ kan omi, bí kò bá sì tíì yíjú padà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jáde. Àṣà wa nìyẹn.

Netta kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ o. Àtikékeré ló ti ń la ikùn ẹja ní èbúté, ọwọ́ ẹ̀ le koko. Bí Dod bá wà lórí omi, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ, òun ló ń bá àwọn tó ń ra ẹja jà títí wọ́n á fi sanwó tó tọ́. Nígbà tí Dod kú, agogo yẹn ló kù tó fi ń mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ ìyàwó ẹnìkan.

Ni Mina Cowie bá dé láti Kánádà. Ọkọ tó fẹ́ lọ́hùn-ún ti kú, ó ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán: Mina ni Dod kọ́kọ́ ń fẹ́ nígbà èwe wọn, kí àwọn òbí Mina tó kó o sọdá òkun. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Netta náà mọ̀, kò sì ká a lára níwọ̀n ìgbà tí òkun wà láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n Mina ò jókòó jẹ́ẹ́. Ní gbogbo Sátidé inú oṣù Dìsẹ́ńbà ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú garawa. Yìnyín á bo fìlà ẹ̀, ètè ẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní kúrò níbẹ̀. Ojú á ti èèyàn láti kọjá láì ju nǹkan sí i. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, Netta sì ń gbọ́.

"Ilé tí ọkọ mi kú sí ló ń tọrọ owó fún," ló wí nínú kíṣìnì mi. "Kí ló kàn án níbẹ̀?"

"Netta, gbogbo ìlú ló kàn."

"Ẹn-ẹ́n! Ó ti fún ìwọ náà lọ́bẹ̀ jẹ."

"Èmi tí mò ń se ọbẹ̀ fún gbogbo ìlú?"

Kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ni Gilbert, ọ̀gá èbúté, wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣètò wíwọ òkun náà ti fẹnu kò, Mina ni yóò mú agogo lọ́dún yìí.

"Ẹ sinmi díẹ̀, màmá," ni Gilbert wí.

"Ta ni màmá ẹ? Lọ bá màmá ẹ nílé kó sinmi!" Gbàgà! ló pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Lọ́jọ́ kìíní ọdún, a ti pé sétí omi, gbogbo wa ń gbọ̀n, nígbà tí Netta yọ. Hà! Súẹ́tà Dod ló wọ̀. Gbogbo ìlú ló mọ súẹ́tà náà: búlúù, ó ki, àyà ẹ̀ kún fún iṣẹ́ ọnà. Òun ni Dod ń wọ̀ lọ sójú omi. Ìyá Dod ló hun ún, bí Dod ṣe sọ fún ìyàwó ẹ̀ nìyẹn.

"Netta," mo ní, "òwú irun àgùntàn nìyẹn o! Á mu omi, á wúwo."

"Kó mu ún. Kí gbogbo wọn rí ẹni tó ni Dod."

Mina lu agogo, ó ṣíwájú. Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú á ṣọdẹ tiẹ̀ lọ́tọ̀: Netta gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó dé àyà, kò wẹ̀yìn. Ìgbì kan dé, ó gbé e ṣubú. Ó gbìyànjú láti dìde, súẹ́tà ń fà á wálẹ̀.

Mina ju agogo sómi. Ó yára lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ ọrùn súẹ́tà náà lápá òsì, ó já àwọn bọ́tìnnì tó sá pamọ́ síbẹ̀ láì tiẹ̀ wò ó, ó sì bọ́ ọ kúrò lórí ẹ̀. Òun àti Gilbert wọ́ Netta jáde.

Mo fi aṣọ wé e, mo rọ ọbẹ̀ sí i lẹ́nu. Nígbà tí ohùn ẹ̀ padà, ohun tó kọ́kọ́ bi Mina ni pé, "Ta ló sọ fún ẹ pé bọ́tìnnì wà níbẹ̀?"

Mina wo ilẹ̀. "Èmi ni mo rán an sí i. Orí Dod tóbi, kì í gba ọrùn ẹ̀wù."

"Ìyá ẹ̀ ló hun súẹ́tà yìí!"

"Ìyá ẹ̀ ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ọnà náà."

Ọkùnrin yẹn ti wọ iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin mìíràn sùn, ó ti wọ̀ ọ́ jí, lójú ìyàwó ẹ̀, títí ó fi kú. Dod, o ò ṣe é re o!

Netta gbé orí sókè. "Apá ẹ̀ ń já lọ́dọọdún. Èmi ni mò ń tú u, èmi ni mò ń tún un hun. Òwú tìẹ kan ò sí lápá ẹ̀ mọ́."

"Òótọ́ ni," ni Mina dáhùn. "Àyà ńkọ́?"

Netta dìde. Ó gbé súẹ́tà tó ń kán tótó, ó lọ sílé.

Ọdún yẹn, adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí ọ̀kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù, èkejì á jáde. Àwọn kan ní Netta ti dáná sun súẹ́tà náà.

Ọjọ́ kìíní ọdún tún dé, yìnyín ń já wìì. Gilbert gbé agogo tuntun dání, kò mọ ẹni tí yóò fún. Netta gba àárín wa kọjá, ó na ẹrù kan sí Mina.

"Gbà. Tìẹ ni."

Mina tú u. Súẹ́tà Dod ni, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò lápá. Netta ti tú apá méjèèjì látorí èjìká.

"Apá ẹ̀ dà?"

Netta na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìbọ̀wọ́ búlúù ló wà níbẹ̀, òwú apá súẹ́tà náà ló fi hun ún. "Apá tèmi nìyí."

Mo rò pé Mina á jù ú nù. Rárá o. Ó bọ́ kóòtù ẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tí kò lápá náà, yìnyín ń bọ́ sí i lápá lásán, omijé ń dà lójú ẹ̀.

"Ó tutù o, Netta."

"Ó yẹ kó tutù." Netta gba agogo lọ́wọ́ Gilbert, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó kọrí sómi. Lẹ́yìn náà ló dúró, kò wẹ̀yìn. "Má kọjá orúnkún, Mina. Ẹ̀wù yẹn ń mu omi."