Wọ́n Tẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì Bo Pákó Tó Pa Ẹlẹ́sẹ̀-Ewì

Akéwì wa, Ẹlẹ́sẹ̀-Ewì, ti kú. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló dákẹ́ sílé ìwòsàn, lẹ́yìn tí pákó orí ìtàgé gbọ̀ngàn ìjọba já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tó sì fi ẹ̀yìn orí lulẹ̀ nínú ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì àṣà ìjọba, tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà, ní ìjàǹbá ni. Ìjàǹbá kẹ̀? Ìjàǹbá tí ẹni tó pa ti fẹnu ara rẹ̀ kìlọ̀ fún wọn?

Aránṣọ ni kó tó di akéwì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: fèrèsé kan, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan, òkìtì àjákù aṣọ nílẹ̀. Mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Yóò ran apá ẹ̀wù kan, yóò ké ewì díẹ̀, yóò sì bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ ewì," ló máa ń wí. "Ẹnu mi kàn ń sáré tẹ̀lé e ni."

Nígbà tí àwọn atẹ̀wé sọ fún un pé ewì rẹ̀ dùn létí ṣùgbọ́n kò ní ṣe é kà, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí wọ́n tẹ abala ìwé náà fún òun láìdì í pọ̀, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tèmi ṣì wà nílé. Òwú aláwọ̀ ewé ni, ojú rírán rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀. Ìwé yẹn làwọn ọmọ ilé ìwé ń kà ní kíláàsì báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i lórí ìtàgé, ẹ ò ní gbàgbé. Obìnrin kúkurú, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹsẹ̀ janlẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á pa lọ́lọ́. Bó bá wá dórí ewì ìyá tó ń rán aṣọ ilé ìwé fún ọmọ tí kò tíì bí, àwọn ọkùnrin gìrìpá á máa wá áńkáṣíìfù kiri. Ọ́fíìsì àṣà mọ ẹsẹ̀ yẹn dáadáa. Àwòrán rẹ̀, tòun tẹsẹ̀ lókè, ni wọ́n lẹ̀ káàkiri ìlú láti fi pe èèyàn wá síbi ayẹyẹ wọn ọjọ́ Ẹtì.

Ọmọ rẹ̀ wà ní gbọ̀ngàn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń dánra wò.

"Ọ̀gá, pákó yìí ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi o," ni màmá rẹ̀ sọ fún alábòójútó gbọ̀ngàn.

"Ẹ̀yin náà, Mọ́mì! Àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́la. Ẹ sáà máa rọra tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé kí n máa yọ́ kẹ́lẹ́ kéwì ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lọ̀gá bá ní kí wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì pupa wá, wọ́n sì tẹ́ ẹ bo ibẹ̀ pinpin. Owó kápẹ́ẹ̀tì wà. Ṣé owó ìṣó ni kò sí?

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dánra wò ni pákó já. Ọkọ̀ gbọ̀ngàn ti lọ gbé òdòdó fún àlejò, nítorí náà ọkọ̀ oníbúrẹ́dì kan tó ń kọjá ló gbé e. Àárín àwo búrẹ́dì òfìfo lọmọ rẹ̀ jókòó sí, ó gbé orí ìyá rẹ̀ lé itan, ó ń pè é, kò dáhùn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó kú gan-an, wọ́n ṣe ayẹyẹ wọn. Wọ́n ní ara akéwì kò yá, wọ́n sì gbé ohùn rẹ̀ jáde látinú ẹ̀rọ. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ fún òkú tó wà ní mọ́ṣúárì. Nígbà tí a ń sin ín, ẹnikẹ́ni ò yọjú láti ọ́fíìsì àṣà. Ọ̀gá àgbà wọn wá bọ́ sórí rédíò: "Ẹ rí i, màmá yẹn máa ń janlẹ̀ jù." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ olóògbé ló jẹ̀bi.

Ní báyìí, wọ́n láwọn fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn náà. Ọmọ rẹ̀ bi mí léèrè: "Bùọ̀dá, ṣé wọ́n ti tún pákó náà ṣe ni?"

Mo lọ wò ó. Wọn ò tún un ṣe. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun ni wọ́n tẹ́.

Ọ̀gá àgbà, a ò fẹ́ orúkọ lára ògiri. Ẹ ti gbọ̀ngàn náà pa. Ẹ jẹ́ kí alábòójútó tó gbọ́ ìkìlọ̀ wá rojọ́ níwájú adájọ́, àti gbogbo ẹni tó mọ̀ sí i, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni. Ẹ lọ wo ojú ọmọ yẹn, kẹ́ ẹ tọrọ àforíjì. Oṣù tó ń bọ̀ làwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́ ṣeré níbẹ̀. Ẹ dá wa lóhùn kí èyíkéyìí nínú wọn tó gorí ìtàgé yẹn.