Fọ́tò Tí Ó Kọjú sí Ògiri

Sàláhúdéènì Àrẹ̀mú kì í fi nǹkan sílẹ̀ síbi tí kò yẹ. Láti kékeré, ní Ìwó, òun ni í to bàtà àwọn tó wá kírun sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àdúgbò, kò sì sí ẹni tí í wọ bàtà ẹlòmíràn lọ lọ́jọ́ tó bá wà níbẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kiri inú igbó lápá Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún bíi mélòó kan kí ó tó rí ọ̀nà lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé sí i. Ní ọdún 1985, òun àti ìyàwó rẹ̀ Sìmíátù àti Tàwà ọmọ wọn ń gbé inú yàrá méjì lápá àríwá Chicago, kò jìnnà sí adágún ńlá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń géni bí abẹ nígbà òtútù.

Ilé àkójọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò àti máàpù àtijọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti etíkun Àlásíkà, lókè àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà òtútù. Iṣẹ́ Sàláhúdéènì ni láti tún wọn ṣe, kí ó kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́yìn, kí ó sì tò wọ́n. Ọ̀gá rẹ̀, Mísíìsì Fọ́sítà, obìnrin arúgbó kan tí kì í pariwo, máa ń sọ fún àwọn àlejò pé, “Bí Sàlá bá gbé nǹkan pa mọ́, ẹ lè di ojú yín lọ mú un.”

Ẹnu iṣẹ́ ni ìrun àsárì í máa bá a. Nísàlẹ̀ ilé náà, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù àwọn máàpù, àyè kékeré kan wà tó gba ẹní ìkírun. Ní Ìwó, kò sẹ́ni tí í bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí gábàsì tí a ń kọjú sí kírun wà; ní Chicago, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà ti jiyàn rẹ̀ títí kí wọ́n tó fẹnu kò sí igun tó wà láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn. Ògiri tó wà ní igun náà ni wọ́n ń fi àwọn fọ́tò ńlá tó ń dúró de àtúnṣe tì. Ìyá bàbá Sàláhúdéènì sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í kírun kọjú sí àwòrán ènìyàn. Nítorí náà, kí ó tó kábàrà bẹ̀rẹ̀ ìrun, á kọ́kọ́ yí àwọn fọ́tò náà, á kọ ojú wọn sí ògiri. Bó bá ti sàlámà parí ìrun, á tún wọn yí padà, á ká ẹní rẹ̀.

Kò sọ fún Mísíìsì Fọ́sítà rí. Ó rò pé obìnrin náà lè sọ pé ó ń fi àkókò iṣẹ́ ṣe nǹkan mìíràn.

Lóṣù Kejìlá, wọ́n gbé fọ́tò kan wá sí ìdí ògiri náà, ó gùn tó apá méjì àgbàlagbà. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti fọ́, wọ́n sì ń dúró de òmíràn. Àwọn ará Kívárù ló wà nínú rẹ̀, abúlé kan létíkun Àlásíkà tí wọ́n ya ní nǹkan bí ọdún 1917, gbogbo wọn dúró síwájú ilé wọn. Òkun ti jẹ etíkun náà lọ látìgbà náà. Lórí máàpù tuntun, omi ló wà níbi tí Kívárù wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dà mìíràn kò sí. Sàláhúdéènì fẹ́ràn fọ́tò náà nítorí àwọn ilé inú rẹ̀. Ó fi rúlà wọn àlàfo àárín wọn, ó sì rí i pé ẹni tó ya máàpù àtijọ́ ti ṣi ilé méjì gbé.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan nínú oṣù Kìíní, òtútù tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí dé. Sàláhúdéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ sàlámà àsárì ni tẹlifóònù dún. Sìmíátù ni.

“Bàbá Tàwà, páìpù ilé ti bẹ́ o! Omi ti dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa bọ̀ kíá, àbí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín kọ́ ìwẹ̀ odò ní Chicago?”

Ó ká ẹní, ó wọ kóòtù, ó sáré jáde. Fọ́tò Kívárù ló gbàgbé láti yí padà.

Irin tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ mú ilé móoru wà lára ògiri náà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí òtútù, wọ́n jẹ́ kí irin náà máa gbóná tọ̀sán tòru. Nígbà tí Sàláhúdéènì dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú fọ́tò náà ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ irin. Ó rọra ń fà á bí ẹni ń fa báńdéèjì lójú egbò, síbẹ̀ gbogbo àárín rẹ̀ dúró sára irin. Àwọn ilé ṣì wà, ojú ọ̀run ṣì wà. Àwọn ènìyàn ni kò sí mọ́. Ó yí ojú rẹ̀ síta, ó fi tì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Mísíìsì Fọ́sítà rí i, ó jókòó sórí àpótí.

“Ẹ̀bi mi ni,” ni ó wí. “Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e sún mọ́ irin yìí. Ìyá arúgbó kan láti Àlásíkà wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbí, ó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá wo fọ́tò yìí gan-an. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?”

Sàláhúdéènì ń wo irin náà. Ọ̀gá rẹ̀ tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: “Má ba ara rẹ jẹ́, Sàlá. O ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju èébú lọ. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, títí Sìmíátù fi wádìí rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ta ló rí yín?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Kò sẹ́ni tó rí mi.”

“Ṣé ẹnikẹ́ni bi yín?”

“Rárá.”

“Ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ, Bàbá Tàwà. Bí wọ́n bá lé yín níbi iṣẹ́, ṣé owó tí mò ń gbà nílé àwọn arúgbó ló máa tó wa jẹ? Ẹ̀yin náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù fọ́tò yín! Ìyá ọkọ mi rèé láàyè ní Ìwó, inú páálí bàtà lẹ fi fọ́tò rẹ̀ sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọkọ rẹ̀. “Ẹ̀rí ọkàn yín ló ń yọ yín lẹ́nu,” ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ẹ jẹ́ ká sùn.”

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá náà dé. Ágínẹ̀sì ni orúkọ rẹ̀, ó kúrú, ó wọ bàtà onírun, ó sì fi ọ̀pá rìn. Mísíìsì Fọ́sítà gbé àga fún un níwájú fọ́tò náà.

“Mo tọrọ àforíjì,” ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. “Ooru ló bà á jẹ́. Èmi ni mo...”

“Kì í ṣe ẹ̀yin,” ni Sàláhúdéènì wí. “Màmá, èmi ni. Mo yí i kọjú sí ògiri nítorí mo fẹ́ kírun, mo sì gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sílé. Èmi ni mo fà á kúrò lára irin, mo sì dákẹ́.”

Mísíìsì Fọ́sítà wò ó. “Yàrá òfìfo tó gba ẹní ìkírun wà lókè, Sàlá. Ọ̀rọ̀ kan péré lo ní láti sọ.”

Màmá Ágínẹ̀sì kò wo ẹnìkankan nínú wọn. Ó fi ìka kan etí ibi tó bó náà. Ọwọ́ kékeré kan ṣẹ́ kù níbẹ̀, ó di aṣọ onírun mú, aṣọ náà kò sì ní ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ́.

“Èmi nìyí,” ni ó wí. “Aṣọ ìyá mi nìyí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni àjàkálẹ̀ àrùn pa á. Mi ò rántí ojú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta tí wọ́n fín sí i lágbọ̀n nìkan ni mo mọ̀, nítorí mo máa ń fi ìka tọ̀ wọ́n kí n tó sùn.” Ó wá gbójú sókè sí Sàláhúdéènì. “Ìwọ tó ò ń gbé e lójoojúmọ́, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?”

Sàláhúdéènì lè sọ iye ilé tó wà ní Kívárù. Ó lè sọ èyí tí onímáàpù ṣì gbé. Ó wá inú ọkàn rẹ̀ títí, kò rí obìnrin kankan níbẹ̀.

“Mi ò wò ó, Màmá,” ni ó wí. “Mi ò wò ó rí.”

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì bú u. Ó ní kí ó yí fọ́tò náà. Ó ní kí ó mú pẹ́ńsùlù, kí ó kọ orúkọ ìyá òun sẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́ta náà sí i. Sàláhúdéènì kúnlẹ̀ kọ ọ́ síbi tí ó ti ń kọjú sí kírun láti oṣù Kejìlá, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀wé kọ dáadáa náà kọ ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lẹ́tà.

Àwọn tó ni ilé àkójọ kò lé e. Wọ́n gba iṣẹ́ fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ti máàpù sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ìyá náà wá, Sàláhúdéènì délé, kò bọ́ kóòtù, ó tẹ orí ba wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Kí lẹ ń wá?” ni Sìmíátù bi í.

“Páálí bàtà yẹn.”

Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ sórí orúnkún, ó ń wo àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sìmíátù gbé iná sún mọ́ ọn, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.