Okùn Ọrùn, Okùn Àyà

Ìró ẹ̀wọ̀n ni ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá Rọra rántí láyé rẹ̀. Kò tíì tó ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó jí, yóò gbọ́ ọ láti orí ẹní: ṣìnrín, ṣìnrín, ṣìnrín, lórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé. Yóò lọ dé ibi tí ẹ̀wọ̀n náà mọ, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò sì tún máa padà bọ̀. Ajá bàbá rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan, ajá náà ló sì ń bá a ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà béèrè ìdí tí ẹ̀wọ̀n fi wà lọ́rùn ajá, tí kò sí lẹ́sẹ̀, bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọrùn ni ilé okùn ajá, pé ẹni tó bá so ajá lẹ́sẹ̀, ajá ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọmọ náà gbà á bí ọmọ ti ń gba ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ogójì ọdún kọjá kó tó tún un rò.

Iṣẹ́ awakọ̀ ló ń ṣe báyìí, ní ilé ìwòsàn ẹranko kan. Ajá tó bá tóbi ju èyí tí alájá lè gbé lé ẹsẹ̀ lọ, òun ni wọ́n ń rán lọ gbé e. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Bàbá Rọra, nítorí bó ṣe ń wakọ̀. Akọ̀wé tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa ń sọ pé bí Bàbá Rọra àti ìgbín bá jọ gbéra, ìgbín yóò ti dé, yóò ti wẹ̀, yóò ti jẹun, yóò sì ti máa béèrè pé kí ló dá Bàbá Rọra dúró lọ́nà. Bàbá Rọra á ní ajá kankan ò tíì fẹjọ́ òun sùn. Akọ̀wé á ní ajá wo ló máa fẹjọ́ sùn, nígbà tí gbogbo wọn ti sùn lọ kí wọ́n tó dé.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ajá í gbé bíi tirẹ̀. Kò ní í gbà kí ajá yó kó tó wọkọ̀. Ní wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó gbéra, abọ́ gbọ́dọ̀ ti gbẹ, omi díẹ̀ nìkan ló kù. Yóò kọ́kọ́ mú un rìn yí ilé po kó lè tọ̀, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Kì í fi ajá ńlá síwájú láéláé. Èyí tó bá ti dàgbà, tí oríkèé ń dùn, pákó fífẹ̀ kan wà nínú búùtù tí ó lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Orí rẹ̀ ni ajá náà yóò gbà wọkọ̀, jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rù bá ń bà, àgò onírin ni, àgò tó gbà á láti dìde, kó yípo, kó sì dùbúlẹ̀, yóò sì fi bẹ́líìtì de àgò náà kó má baà rìn. Èyí tí kò bá fẹ́ àgò, yóò wọ ìdè àyà fún un: okùn fífẹ̀ tó yí àyà ká, tó gba èjìká méjèèjì kọjá, tó pàdé lẹ́yìn. Ibi ẹ̀yìn yẹn ni yóò ti so ó mọ́ bẹ́líìtì ìjókòó. Fèrèsé, ìwọ̀n ọwọ́ kan péré ni yóò ṣí. Kò fi ajá kankan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nínú oòrùn rí, ì báà ṣe kó kàn lọ ra omi.

Bí alájá bá béèrè ìdí tí kò fi so okùn mọ́ ọrùn bí gbogbo ayé ti ń ṣe, ìdáhùn kan ló ní: ìlànà ilé iṣẹ́ wa ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni gbólóhùn yẹn ti ń gbà á lọ́wọ́ ìbéèrè.

Kì í tan rédíò. Mímí ajá lẹ́yìn rẹ̀ ló ń tẹ́tí sí: hè, hè, hè. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ lórí sítíárìn. Bí ajá bá dákẹ́, bó tilẹ̀ ṣe pé oorun ló ń sùn, yóò yà sẹ́bàá ọ̀nà, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, yóò gbé ọwọ́ lé ìhà rẹ̀. Ìgbà tó burú jù ni ìgbà tí kò sí ajá kankan lọ́kọ̀. Ìgbà náà ló máa ń gbọ́ ọ ketekete. Yóò wo jígí, yóò rí ìjókòó lásán, síbẹ̀ kò ní tẹ bíréèkì lójijì, nítorí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Orúkọ ajá tó ń gbọ́ náà ni Jẹ́-n-sinmi, ajá ilé rẹ̀ nígbà kan. Àbíkẹ́yìn Bàbá Rọra, ọmọbìnrin, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, nítorí látọjọ́ tí ajá ti wọlé ni ìyá rẹ̀ kì í yé sọ pé "ẹ jẹ́ n sinmi." Láàárín ọdún kan, bí ajá náà bá dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ga ju ọmọ náà lọ. Ọkọ̀ ẹrù ni Bàbá Rọra ń wà nígbà náà, ó sì ní ọkọ̀ kékeré kan nílé. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ wà nílé ìwé, ó gbé ajá lọ gba abẹ́rẹ́. Ó so okùn mọ́ ọ lọ́rùn, ó so ìdí okùn mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó iwájú, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ìkóríta kan, oníkẹ̀kẹ́ kan já síwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró. Oníkẹ̀kẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ó ní ẹ máa bínú, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ajá kò ké. Ìró kan ṣoṣo ni Bàbá Rọra gbọ́.

Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan, níbi tí iyanrìn ti rọ̀, ló sin ín sí. Ẹni tó yá a ní ṣọ́bìrì ní kó má banú jẹ́, pé ajá pọ̀ nígboro. Ó dá ṣọ́bìrì padà, ó dúpẹ́, ó sì délé kí ilé ìwé tó jáde. Nígbà tí ọmọ dé, tó béèrè ajá rẹ̀, irọ́ tó bọ́ sí i lẹ́nu kéré, ó sì mọ́ tónítóní: ó ní òun bá ilẹ̀kùn ọgbà ní ṣíṣí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ronú kan ẹni tó jáde kẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ náà ronú kàn án: òun ni. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó sì jáde.

Oṣù kan gbáko ló fi ń kiri àdúgbò lẹ́yìn ilé ìwé. "Jẹ́-n-sinmi o! Jẹ́-n-sinmi!" Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan a máa dá a lóhùn láti ojú fèrèsé pé ta ló di ọ́ mú, lọ sinmi, ọmọ mi. Bàbá Rọra á jókòó ní pálọ̀, á máa gbọ́ ohùn náà láti òpópónà kan dé èkejì. Á jìnnà, á tún súnmọ́. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun yóò sọ fún un lọ́la. Nígbà tó yá, ọmọ náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò tu bàbá rẹ̀ lára.

Kò pẹ́ sígbà náà ló fi ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀, tó lọ tọrọ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹranko. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, dókítà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé ìdè àyà lé e lọ́wọ́. Ó ní bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ajá kò mọ̀ pé ó ti dúró. Òun ṣì ń lọ, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá so nínú ara rẹ̀ ni ìwúwo náà yóò já lé. Àyà lè gbà á, ọrùn kò lè gbà á. Bàbá Rọra ní òun ń lọ tọ̀. Ó pẹ́ lẹ́yìn ilé.

Ọmọ náà ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógún báyìí, ó sì ti ń dá gbé. Òun náà ní ajá, ràgàjì aláwọ̀ eérú kan tó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì. Dúró ló pè é. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ béèrè ìdí orúkọ náà. Nígbà tí ọmọ náà ríṣẹ́ sí ìlú tó jìn ní ìrìn wákàtí mẹ́rin, ó pe bàbá rẹ̀. Ó ní òun ò lè fi Dúró lé awakọ̀ kankan lọ́wọ́ nígbà tí ẹni tó mọ ajá í gbé wà nínú ẹbí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Bàbá Rọra gbé páálí àwo kan jáde láti inú yàrá ọmọ náà, ó sì dúró sójú kan. Dúró ti wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń fi eyín fa kókó okùn náà le mọ́ ẹsẹ̀ ìjókòó iwájú. Ìdè àyà tí bàbá rẹ̀ mú wá wà lórí ọkọ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Bàbá Rọra gbé páálí sílẹ̀. Ó ní kó tú okùn náà. Ọmọ náà kọ̀, ó ní òun ti yẹ nǹkan yẹn wò, ajá tó bá gbọ́n á yọ ẹsẹ̀ kan, á yọ èkejì, ó di àwátì.

"Ìlànà ilé iṣẹ́ wa ni," bàbá rẹ̀ ní.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Dádì, ilé iṣẹ́ wo? Ọkọ̀ yín rèé, ọmọ yín rèé."

"Kò ní í yọ níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. A máa dúró lọ́nà, a máa ṣílẹ̀kùn. Ajá tó bá fẹ́ sá, ọrùn nìkan ló ṣeé fi dì í mú. Mo ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Dádì. Mi ò tún ṣe é mọ́."

Bàbá Rọra wo okùn náà. Ó lè fi àṣẹ bàbá tú u lónìí. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nínú ọkọ̀ ẹlòmíì, ní ìlú tí òun kò sí, ọrùn náà ni ọmọ yìí yóò tún so.

"Kò sá lọ," ó ní.

"Ta ni?"

"Jẹ́-n-sinmi. O ò ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Èmi ni mo so ó lọ́rùn, mọ́ ibi tó o so èyí mọ́ yìí gan-an. Mo tẹ bíréèkì."

Ọwọ́ ọmọ náà ṣì wà lára kókó okùn. Dúró ń lá a létí, kò sì tì í kúrò. Ó béèrè ibi tí Jẹ́-n-sinmi wà. Bàbá rẹ̀ sọ ti ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù fún un.

"Mo dé ibẹ̀," ọmọ náà ní. "Mo pè é níbẹ̀." Ó fi ọwọ́ kejì pa Dúró lórí. "Ṣé ó pẹ́ kó tó kú?"

Ọdún mẹ́rìnlá ni Bàbá Rọra ti tọ́jú ìdáhùn sí ìbéèrè yìí: kò pẹ́ rárá.

"Ó pẹ́ díẹ̀," ó ní. "Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Tí mo bá jáde nílé, mo máa ń padà lọ wo ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà míì lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀," ọmọ náà ní. Kò fi ṣe ìbéèrè.

Ó pẹ́ kó tó tú okùn náà, nítorí eyín ló fi fà á le. Ó nawọ́ mú ìdè àyà, òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ fún Dúró. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó sọ fún un pé ìka méjì gbọ́dọ̀ lè gba àárín okùn àti ara kọjá. Ọmọ náà ti ìka méjì bọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, ìjókòó iwájú sì ṣófo. Wákàtí mẹ́rin, mímí ajá nìkan ni ohùn tó wà nínú ọkọ̀. Wọ́n dúró lábẹ́ igi kan, ọmọ náà fún Dúró lómi, ó mú un rìn, ó dá a padà, ó sì so ó mọ́ bẹ́líìtì láìbéèrè bó ṣe yẹ kó rí. Nígbàkigbà tí Bàbá Rọra bá wo jígí, ajá ń wo ìta, ọmọ ń wo òun.

Nígbà tí wọ́n dé, Bàbá Rọra gbé àwọn páálí gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọmọ náà fún un lómi ní ìdúró. Ó ní ẹ ṣeun, ẹ máa rọra wakọ̀. Kò sọ pé ẹ jókòó, kò sì sọ ìgbà tó yẹ kó tún wá. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn.

Oòrùn ṣì wà lókè díẹ̀ nígbà tí Bàbá Rọra padà délé. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ wọn lọ́dọ̀ àkọ́bí. Ó gbé fóònù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irun ajá ti lẹ̀ mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, eérú lórí aṣọ dúdú. Ìgbálẹ̀ kì í ká irú rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan, ó tì í bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á lórí ìjókòó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ní ọ̀nà kan ṣoṣo, títí irun náà fi ń ká jọ di òkìtì kékeré. Ó kó o sínú bébà. Ó tún ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ọmọ náà jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ibẹ̀ kò pọ̀. Ó gbọn kápẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fún un, ó sì sá a sórí ọgbà. Ó wo fóònù: kò sí ìpè kankan. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó da omi nù, ó sì ti àwọn ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà pa, lọ́kọ̀ọ̀kan.