Ẹni Tí Ó Mọ Odò Náà

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́jà, obìnrin kan wà lábẹ́ mi tí ó mọ odò ju gbogbo wa lọ. Ọmọ Ígálà ni, etí odò ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ ẹ̀ka wa ni láti máa ṣọ́ bí omi ṣe ń kún, kí a lè tètè kìlọ̀ fún aráàlú. Èmi ni ọ̀gá, ẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi sì ń bà mí bí ẹni máa kú. Òun ló ń wọ ọkọ̀ lọ ka nọ́ńbà tí a kọ sára òpó inú odò. Òun ló ń ti ilé dé ilé ní àdúgbò Ganaja, tí ó ń bi àwọn ìyá àgbà pé níbo ni omi dé lára ògiri wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló fi ya máàpù kan. Kásúà ni, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ọdún kẹrin rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní òyìnbó kan ń bọ̀ wá bá wa ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àgbàrá àti omíyalé. Ẹnì kan ni yóò mú nínú wa, ẹni tí ó bá sì mú, ìjọba yóò gbà á síṣẹ́ pátápátá. Obìnrin yìí lọ aṣọ rẹ̀, ó gbé ìwé tí ó ń kọ gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ sí dání.

Ní ọ́fíìsì wa, bí àlejò pàtàkì bá dé, obìnrin ló ń gbé omi fún un. Kò sí òfin kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Mo ní, "Àbúrò, bá wa gbé omi wọlé." Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó lọ gbé tíréè. Bí ó ti dé iwájú àlejò, mo ṣẹ́jú sí i pé kí ó kúnlẹ̀. Mo fẹ́ kí òyìnbó mọ̀ pé a kọ́ ọmọ wa lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó kúnlẹ̀. Òyìnbó mú omi, kò wo ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń gbé omi ni ó kà á sí. Mo rí i kedere.

Òyìnbó wá tẹ́ máàpù obìnrin yìí sílẹ̀. Ó béèrè ìdí tí omi fi ń wọ àwọn ilé kan ní Ganaja nígbà tí títì iwájú wọn ṣì gbẹ. Obìnrin yìí la ẹnu níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo na ọwọ́ sí i pé kí ó ṣe sùúrù. Mo ní, "Ẹ̀yìn ilé ni omi ń gbà wọlé, ojú odò kékeré kan tí wọ́n kọ́lé dí ni." Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òyìnbó ní, "Ta ló ya èyí?" Mo ní, "Ẹ̀ka wa ni."

Nígbà tí òyìnbó ní kí n yan ẹnì kan, ọkùnrin kan lára wa, ọmọ ìlú mi ní Ìjùmú, ni mo yàn. Kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Mo sọ fún ara mi pé obìnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ ni, pé yóò lóyún láìpẹ́. N kò bi í. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, ọwọ́ mi ló sì wọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì bi mí pé obìnrin yìí ńkọ́, mo purọ́. Mo ní, "Mo jà fún un títí, òyìnbó ló ní òun kò fẹ́ obìnrin." Gbogbo wọn gbà á gbọ́ kíá. Wọ́n bú òyìnbó, èmi náà bá wọn bú u.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, wọn kò tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó wá sí ilé mi ní Gadumo, ó gbé ẹja gbígbẹ ńlá kan lọ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti sọ fún mi. Dem say you try well well. Ọlọ́run á jà fún ẹ̀yin náà."

Ìyàwó mi ṣe àmín kíkankíkan. Èmi náà ṣe àmín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi se ẹja náà, ó bu orí rẹ̀ fún mi gẹ́gẹ́ bí baálé, mo sì jẹ ẹ́ tán.