Ọjọ́ Tí Mo Ra Iṣu Ẹyọ Kan

Òórùn erùpẹ̀ tó gbẹ mọ́ ara iṣu ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ọjà Agbogbloshie ní Accra, kí èéfín àwọn tó ń sun wáyà níbi irin àlòkù tó bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá ti Tamale ní àríwá Ghana dé, àwọn ọkùnrin á máa ju iṣu sí ara wọn lọ́wọ́, àwọn obìnrin á sì máa tò ó ní òkìtì òkìtì nílẹ̀. Níbẹ̀ ni màmá mi ti máa ń ra iṣu ilé wa, òkìtì kan lẹ́ẹ̀kan. Mi ò rí i kí wọ́n ra ẹyọ rí. Ẹni tó bá ra ẹyọ á san án gọbọi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó òkìtì, oníṣu á dín in fún un, á tún fi ọ̀kan ṣe ènì. Màmá mi a ní, "Àwọn ẹlẹ́yọ ló ń bọ́ ìyá oníṣu," a ó sì máa rẹ́rìn-ín títí dé ilé ní Cow Lane.

Ọdún tí wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára sidi, owó Ghana, ni màmá mi kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi wá, wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì padà, ọ̀kan sí Kumasi, èkejì sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá méjì tí ariwo kì í tán níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aṣọ àlòkù ni mò ń tún rán ní ọjà Kantamanto nígbà náà. Owó tó ń wọlé kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ẹnì kan jẹ, bí onítọ̀hún bá ti gbà pé ẹnì kan ṣoṣo lòun. Èmi ò gbà.

Nígbà tí iṣu tán nílé, mo lọ bá ìyá oníṣu wa, obìnrin Dagomba kan tó gbọ́ Hausa, èdè tí òun àti màmá mi fi ń ná ọjà. Bó ṣe rí mi, ó nawọ́ sí òkìtì kan tó dára.

"Hajiya ńkọ́?" Bó ṣe máa ń pe màmá mi nìyẹn.

"Wọ́n wà nílé," ni mo wí.

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ó dín in fún mi bó ṣe máa ń dín in fún màmá mi, ó fi iṣu puna kan tó sanra ṣe ènì, ó sì ní kí n bá òun kí i. Inú mi ń dùn lọ sílé, nítorí ó kéré tán, ẹnì kan ṣì wà ní Accra tí màmá mi kò tíì kú lójú rẹ̀.

Àmọ́ ọjà pọ́ọ́kú yẹn ti gbé owó ẹja mì, ó gbé owó èédú mì. Mo jẹ iṣu láàárọ̀, mo jẹ ẹ́ lálẹ́, èyí tó kù ń hù nídìí ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, ká fọwọ́ bò ó jẹ. Ta ni mo fẹ́ fọwọ́ bò ó pamọ́ fún? Lóṣù kejì mo tún ra òkìtì, mo tún parọ́. Èyí tó jẹrà ju èyí tí mo jẹ lọ, omi lásán ni mo sì fi ń panu nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń jẹ kenkey lọ́sàn-án. Ìdánìkanwà yẹn ti wá di ebi.

Nígbà tí mo tún padà lọ, owó òkìtì ò sí lọ́wọ́ mi mọ́.

"Ẹyọ kan ni mo fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹyọ kan? Kí ni Hajiya fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe nínú ilé tó kún?"

"Màmá mi ti kú. Ilé ò kún mọ́."

Ó ní, "Innalillahi," ó sì rọra jókòó sórí àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú nítorí irọ́ tí mo ti ń pa, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Nígbà tó yá, ó mú puna kan, ó pe iye rẹ̀, iye ẹlẹ́yọ gan-an. Mo ti ń yọ owó, ó bá di ọwọ́ mi mú.

"Ná an. Ìyá rẹ ò san iye tí mo bá kọ́kọ́ pè rí."

Mo ná an. Mo pe ìdajì, ó pariwo pé mo fẹ́ lé òun padà sí Tamale. Mo fi díẹ̀ kún un, ó yọ díẹ̀ kúrò. Kí a tó fẹnu kò, omijé ti wà lójú àwa méjèèjì. Iye náà ṣì wọ́n ju ti inú òkìtì lọ.

Mo ra ẹja lọ́jọ́ náà, mo ra èédú, owó sì ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Títí di òní, bí mo bá rí ṣọ́ọ̀bù tó kọ ọ́ sára ògiri pé ra méjì kí o gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ló wà nílé. Ẹni tó dá wà, kì í ṣe tirẹ̀ ni ẹ̀dínwó òkìtì, ó sì dùn mí kí n tó gbà bẹ́ẹ̀. Mo dúró létí sàréè lọ́jọ́ tí wọ́n sin màmá mi, mo rí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sí i. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti san owó iṣu ẹyọ kan ni èmi ti sin ín.